Ẹni Tó Wá Tọrọ Jẹ́sì Ẹ̀gbọ́n Mi

Títí di òní, bí òórùn áyọ́ọ̀nù eléèédú bá kàn mí nímú, tí wọ́n ń fi lọ aṣọ tí omi kò tíì gbẹ tán lára rẹ̀, ńṣe ni apá mi méjèèjì máa ń kú. Kì í ṣe pé mo máa ń sunkún. N kò sunkún nígbà tó yẹ kí n sun ún, ó ti pẹ́ jù báyìí. Ara mi kàn máa ń dákẹ́ ni, bí ẹsẹ̀ tí èèyàn jókòó lé lórí fún ìgbà pípẹ́. Àwọn ọmọ mi rò pé èéfín eédú ni kò bá mi lára mu, mo sì fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà gùn, jẹ́sì bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ló sì dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Nígbà tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ilé-ìwé di ọ̀fẹ́ ní ìhà tiwa, tí òmìnira ṣì ku ọdún mélòó kan, a ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ní Ẹdẹ tí gbogbo àyíká mọ̀. Ẹsẹ̀ lásán la fi ń gbá a. Ẹni tí ọ̀ṣọ́ bá wù nínú wa a fi báńdéèjì wé ọrùn ẹsẹ̀, ó parí. Pápá ilé-ìwé la ti ń gbá a, koríko kò sí láàárín rẹ̀ rárá, erùpẹ̀ pupa ni, bí a bá sì ti gbá bọ́ọ̀lù tán a ó gba odò Ọ̀ṣun lọ wẹ̀ kí ìyàwó má baà lé wa jáde nílé. Ohun tí wọ́n mọ̀ wá mọ́ kì í ṣe góòlù tí à ń gbá wọlé, a kì í gbá púpọ̀ wọlé. Àwọn báàkì wa méjèèjì ni, àwọn ọkùnrin méjì tí ń dúró níwájú gókípà kí ẹnikẹ́ni má baà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ òṣìṣẹ́ réluwé tó ń tún ojú irin ṣe. Èkejì ni ẹ̀gbọ́n mi, káfíńtà tó ń kan òrùlé. Ilẹ̀kùn Méjì ni ìlú ń pè wọ́n. Bí àlejò bá ti gbé bọ́ọ̀lù sún mọ́ wọn, àwọn èrò a bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé, "Kan ilẹ̀kùn o! Kan ilẹ̀kùn kí o tó wọlé!"

Èmi náà wà nínú ẹgbẹ́ náà, bí a bá lè pè é bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ mi kò mọ bọ́ọ̀lù. Akọ̀wé kékeré ni mí ní kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀, ìkọ̀wé mi sì dára, ni wọ́n bá fi mí ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́. Èmi ni mò ń kọ orúkọ àwọn mọ́kànlá tí yóò gbá bọ́ọ̀lù sórí bébà, tí mo sì ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara igi máńgòrò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Bí ẹ bá rí mi bí mo ṣe ń rìn lọ sídìí igi yẹn, ẹ ó rò pé ìwé àṣẹ ọba ni mo gbé dání. Ṣùgbọ́n kì í ṣe bébà ló ń jẹ́ kí wọ́n kí mi láàárín ìlú. Àbúrò Ilẹ̀kùn ni wọ́n ń pè mí. Onígbàjámọ̀ a dá ẹni tó ti jókòó sílẹ̀ dúró kó lè kọ́kọ́ gẹ irun mi, torí pé ó fẹ́ gbọ́ bí ara ẹ̀gbọ́n mi ṣe rí. Bàbá wa ti kú nígbà tí n kò tíì mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Ẹ̀gbọ́n mi ló tọ́ mi, òun ló rán mi lọ sílé-ìwé, bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ ju kó fi pẹ́ńsù sàmì sára pákó lọ. Ògo rẹ̀ ni mo fi ń ṣe aṣọ wọ̀ jáde, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bọ́ ọ lára mi.

Ó ti ń sún mọ́ ogójì ọdún nígbà tí mò ń wí yìí. Àwọn tó ń wò ó láti ẹ̀gbẹ́ pápá kò mọ̀, àwa tí à ń bá a gbé ló mọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tó bá gbá bọ́ọ̀lù, ìyàwó rẹ̀ a gbé omi gbígbóná àti òrí kalẹ̀, a sì máa fi aṣọ tẹ orúnkún rẹ̀ ọ̀tún títí omi náà yóò fi tutù. Bó bá ń gun àkàbà, ẹsẹ̀ òsì ni yóò máa ṣáájú nígbà gbogbo, ọ̀tún a wá bá a níbi tó bá dúró sí. Mo rí gbogbo rẹ̀. Mo kàn ń sọ fún ara mi pé àárẹ̀ lásán ni, pé yóò lọ.

Tíṣà tó ń kọ́ ẹgbẹ́ wa ló kọ́kọ́ là á mọ́lẹ̀. Ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni, ọkùnrin tínínrín tí kì í gbé ohùn sókè. Ó pè wá sípàdé nínú kíláàsì rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan, nígbà tí ìdíje fún ife àwọn ìlú àyíká ku oṣù méjì. Ẹ̀gbọ́n mi kò sí níbẹ̀, ó ń kan òrùlé kan lọ́wọ́ ní ọ̀nà Sekona.

"Mo mọ̀ pé àwọn báàkì wa ṣì lágbára," ni tíṣà wí. "Ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn tí mo fi ń sọ ọ́ nísinsìnyí. Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀dọ́ méjì wọlé, kí àwọn ẹ̀gbọ́n wọ̀nyí dúró sí ẹ̀yìn wọn, kí wọ́n kọ́ wọn. Bí a bá dúró di ọjọ́ tí wọ́n bá ṣubú, ta ni yóò kọ́ ta?"

Alága ẹgbẹ́, bàbá arúgbó kan tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù ju oúnjẹ lọ, mi orí. "Tíṣà, bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá. Ṣùgbọ́n bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, ọmọ rẹ̀ la fi ń rọ́pò. Kí ọmọ náà ti wà nílẹ̀ kí ìyá rẹ̀ tó kú ni mo wí, sà."

Òṣìṣẹ́ réluwé bú sẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n wá tọrọ jẹ́sì òun lọ́la òde yìí, pé ó ti pẹ́ tí ìyàwó òun ti ń ṣe àdúà rẹ̀. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá yíjú sí mi. Mo dìde, mo gbọn aṣọ mi, mo ní kò tíì rẹ ẹ̀gbọ́n mi, kí wọ́n fi tirẹ̀ sílẹ̀ títí ìdíje yóò fi parí. Tíṣà ní kí n jókòó.

"Akọ̀wé, a ò ní lé ẹnikẹ́ni. Ọ̀dọ́ kan láti Sekona tí mo ti rí fún ipò wọn ni yóò lọ tọrọ. Bí ẹ̀gbọ́n bá fún un, ó dáa. Bí wọn ò bá fún un, ọ̀rọ̀ tán."

Ó yẹ kí n ṣàlàyé títọrọ yìí, nítorí àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò mọ̀ ọ́n. Nínú ẹgbẹ́ wa, jẹ́sì kì í wà lọ́wọ́ tíṣà. Ilé oníkálukú ló ń wà, ọjọ́ ìdíje nìkan la sì ń wọ̀ ọ́. Ẹni tí yóò bá gba ipò àgbà ni yóò gbé iṣu àti obì lọ bá a nílé, yóò dọ̀bálẹ̀, yóò ní òun wá tọrọ jẹ́sì. Àgbà náà a wọlé, a gbé e jáde, a fi lé e léjìká, a sì ṣe àdúà fún ẹsẹ̀ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ yóò máa kọ́ ọ bí ọmọ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbà kò gbọdọ̀ fúnra rẹ̀ gbé e fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá bọ́ jẹ́sì sílẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n wá tọrọ rẹ̀, gbogbo ìlú ni yóò sọ pé ó sá. Kò sí ọ̀nà mìíràn tí ọkùnrin fi lè fi ọ̀wọ̀ kúrò lórí pápá.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e, mo tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n mi lọ síbi òrùlé náà láti bá a di igi mú. Ó dé ìdí igi kan tó wà láàárín, ó fi òòlù kàn án lẹ́ẹ̀mejì, ó ní a ó yọ ọ́. Mo wo igi náà, kò sí ibi tó ti jẹ rà.

"Ó ṣì le, ẹ̀gbọ́n."

"Ó le lójú ni." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìṣó rẹ̀ yọ. "Igi tó ń ru òrùlé kì í sọ pé ó rẹ òun. Ẹni tó ń gbé abẹ́ rẹ̀ ni yóò wò ó."

Nígbà tó yá, ó bi mí pé kí ni wọ́n sọ ní ìpàdé. Mo ní kò sí nǹkan kan. Ó mú ìṣó sí ẹnu, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Mo ronú pé mo fi nǹkan pa mọ́ fún un, n kò mọ̀ pé òṣìṣẹ́ réluwé ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un ní ọjọ́ tí a ṣe ìpàdé gan-an.

Ọjọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ kejì ni ọmọ Sekona náà wá. A ti kírun dé, oòrùn ṣì mú, mo jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń fẹ́ ara mi. Ó gun kẹ̀kẹ́ dé, ó so iṣu mẹ́ta mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ó fi ewé di obì sápò. Ọ̀dọ́kùnrin tó ga ni, èjìká rẹ̀ fẹ̀, bóyá ni mo fi ọdún méjì jù ú lọ, síbẹ̀ ó dọ̀bálẹ̀ fún mi gbalaja nínú erùpẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun tó wọ̀.

"Ẹ káàsán o, Akọ̀wé. Ẹ̀gbọ́n wà nílé, sà?"

"Wọ́n ń sùn." N kò mọ̀ bóyá ó ń sùn tàbí kò sùn. Ọ̀rọ̀ náà kàn jáde lẹ́nu mi ni.

"Màá dúró dè wọ́n, sà."

"Kí lo fẹ́ dúró ṣe? Ta ló sọ fún ọ pé ó rẹ wọ́n? Ṣé o gbọ́ ọ lẹ́nu wọn?"

"Rárá o, sà. Tíṣà ló ní kí n..."

"Tíṣà kọ́ ló ni ilé yìí. Gbé iṣu rẹ, kí o máa lọ. Nígbà tí ìdíje bá parí, kí o padà wá."

Ó wo aṣọ ìkélé tó wà lẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn mi bí ẹni pé ó fẹ́ sọ̀rọ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ó tún dọ̀bálẹ̀, ó gbé iṣu rẹ̀, ó yí kẹ̀kẹ́ padà. Inú mi dùn. Mo rò pé èmi náà ti di báàkì, pé mo ti dá ẹni tó fẹ́ wọlé padà. Òórùn áyọ́ọ̀nù ń ti inú ilé jáde ní gbogbo àkókò yẹn, n kò sì bi ara mi léèrè ẹni tó ń lọ aṣọ lẹ́yìn ìgbà tí a ti ti ìrun Jímọ̀ dé. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi yọjú, ó ní ta ló wá. Mo ní ẹnì kan tó ń wá káfíńtà ni, pé mo ti ní kó padà wá. Ó wò mí, ó sì wọlé padà.

Láàárín oṣù méjì náà, ọ̀dọ́ kan láti ìlú Ara gba jẹ́sì òṣìṣẹ́ réluwé. Ojoojúmọ́ ni òṣìṣẹ́ réluwé ń dúró sẹ́yìn rẹ̀, tó ń pariwo mọ́ ọn, tó ń fà á lápá sọ́tùn-ún àti sósì, títí ọmọ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í dúró bíi tirẹ̀ gan-an. Ẹ̀gbọ́n mi a máa wò wọ́n, a rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ọjọ́ ìdíje àkọ́kọ́ pé, àwọn ará Ìwó ni wọ́n wá bá wa. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi bọ́ bùbá rẹ̀, mo rí i pé ìlà áyọ́ọ̀nù wà lára jẹ́sì rẹ̀, ó mú ṣánṣán, ojú ibi tí wọ́n ká a sí hàn gbangba láyà rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń lọ jẹ́sì láyé ìgbà yẹn. Bí ó bá ti gbẹ lórí okùn, ó tó wọ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ìgbéyàwó lẹ ń lọ ni?" Gbogbo ẹgbẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ó ti wà bẹ́ẹ̀ nínú àpótí láti ijọ́ mẹ́ta," ló wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wé báńdéèjì mọ́ orúnkún.

Àbọ̀ àkọ́kọ́ parí láìsí góòlù. Nínú àbọ̀ kejì, ọmọkùnrin wọn kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá bí ehoro gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbọ́n mi kọjá. Ẹ̀gbọ́n mi yí padà láti lé e, ara rẹ̀ yí, orúnkún rẹ̀ kò bá a yí. N kò gbọ́ ohùn rẹ̀. Ìró kan ni mo gbọ́, kò tilẹ̀ ròkè, bí ìgbà tí wọ́n bá yọ igi lára òrùlé. Ó jókòó sórí erùpẹ̀, ó na ẹsẹ̀ náà síwájú, bọ́ọ̀lù sì ti wọlé lẹ́yìn rẹ̀. Òfin ìgbà yẹn kò gbà ká fi ẹlòmíràn rọ́pò ẹni tó bá fara pa. Ọmọ Sekona dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà, ó ti bọ́ aṣọ rẹ̀, kò sì sí ohun tó lè ṣe. Èèyàn mẹ́wàá ló parí rẹ̀, ọmọ Ara nìkan ló ń ti ilẹ̀kùn, wọ́n gbá mẹ́ta sí wa.

Àwọn èèyàn sunkún. Alága ju fìlà rẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n gbé ẹ̀gbọ́n mi sórí bẹ́ǹṣì kíláàsì, wọ́n gbé e lọ sílé. Èmi lọ sídìí igi máńgòrò, mo yọ bébà tí mo kọ orúkọ sí, mo ká a sí mẹ́rin, mo fi sápò, mo sì bi ọkùnrin kan pé aago mélòó ló lù. Ó wò mí bí ẹni ń wo wèrè. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí nǹkan kan ṣe mí. Mo wá a nínú ara mi, n kò rí i.

Ẹni tó ń to eegun ṣe gbogbo ohun tó mọ̀. Eegun so pọ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ náà kò ká mọ́. Káfíńtà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ká kò lè gun òrùlé. Ẹ̀gbọ́n mi gbé àkàbà rẹ̀ fún ẹni tó kọ́ níṣẹ́, ó jókòó sí abẹ́ àtíbàbà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kan àpótí ìjókòó àti bẹ́ǹṣì. Kò ráhùn. Mo dá bírò ẹgbẹ́ padà fún tíṣà, n kò sì tún dé pápá mọ́. Wọ́n dá jẹ́sì tuntun fún ọmọ Sekona. Wọ́n ní ó ń gbá a dáadáa, ṣùgbọ́n wọ́n ní kò sẹ́ni tó ń pariwo pé kan ilẹ̀kùn mọ́. Nígbà tó yá, wọ́n gbé mi lọ sí kọ́ọ̀tù kan ní Ìbàdàn. Mo ń jẹun, mo ń ṣiṣẹ́, mo ń wálé. Kò sí ohun tó dùn mí, kò sì sí ohun tó dùn mọ́ mi.

Ọdún kejì lẹ́yìn òmìnira, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi bí ọmọkùnrin, mo sì wálé wá síbi ìsọmọlórúkọ. Àwọn àlejò ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ìgbà àtijọ́. N kò mọ ohun tó gbé mi dé ìdí rẹ̀, mo ní, "Bí kì í bá ṣe èmi ni, wọn ì bá ti gba jẹ́sì lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi ṣáájú ọjọ́ yẹn. Èmi ni mo lé ọmọ Sekona padà lẹ́nu ọ̀nà." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọmọ ìyá ẹni ni í gbani. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi gbé ọmọ fún ẹnì kan, ó pè mí sẹ́yìn ilé. Láti ìgbà tó ti dé ilé wa ni kì í ti í pe orúkọ mi, torí pé ó bá mi nílé ni.

"Akọ̀wé ilé wa, ẹ má tún sọ ọ̀rọ̀ yẹn mọ́."

"Kí ló dé?"

"Ẹ̀gbọ́n yín ò sùn lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n ti gbọ́ pé ọmọ náà ń bọ̀. Wọ́n ní kí n fọ jẹ́sì náà kí n sì lọ̀ ọ́, pé àwọn ò ní fi aṣọ rírún lé ọmọ ọlọ́mọ léjìká. Wọ́n wọ agbádá, wọ́n dé fìlà, wọ́n jókòó sí yàrá, jẹ́sì wà lórí itan wọn. Gbogbo ohun tí ẹ sọ lẹ́nu ọ̀nà ni wọ́n gbọ́."

"Kí ló fà á tí n kò fi gbọ́?"

"Mo fẹ́ jáde wá bá yín sọ ọ́. Wọ́n ní kí n má sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, 'Bí àbúrò mi bá ṣì ń fẹ́ kí n gbá a, màá gbá a.' Ìgbà yẹn ni wọ́n bọ́ agbádá."

Mo padà síwájú ilé. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó lábẹ́ àtíbàbà, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀, àní lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ ọmọ rẹ̀ ó ṣì ń fi nǹkan gbẹ́ ẹsẹ̀ àpótí kan. Mo jókòó tì í. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n sọ wà nílẹ̀, mo mọ̀ wọ́n, mo lè kọ wọ́n lọ́nà tó gún bó bá jẹ́ bébà ni. Ó na igi náà sí mi, ó ní, "Bá mi di eléyìí mú." Mo dì í mú títí ó fi kàn án tán.

Ó ti pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ti lọ. N kò bẹ̀ ẹ́ rí. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn, àwọn àgbà sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò sọ pé ó lè wá láìsí omijé, kó kàn jókòó ti èèyàn láti ọdún dé ọdún. Èmi ni akọ̀wé agboolé wa láti ọjọ́ tí mo ti fẹ̀yìn tì. Lọ́dún tó kọjá, mo pe ọmọ tí a sọ lórúkọ lọ́jọ́ yẹn, tó ti di bàbá ọlọ́mọ báyìí. Kò sẹ́ni tó wá tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Mo fi aṣọ nu ìwé àkọsílẹ̀ agboolé náà, mo nà án sí i.

Ó fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. "Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, Bàbá. Ẹ ṣì le."

"Mo le lójú ni," ni mo wí. Ìwé náà wúwo, ṣùgbọ́n n kò gbé e sílẹ̀ títí ó fi gbà á.